Máìlì ẹni márùn-ún nínú ilé kan: ètò ọkọ̀ òfurufú wo ló yẹ kí ẹ wọ̀?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la wà nílé, èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí ti pé ọdún 13, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 8, àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọdún 2. Gbogbo wa jọ máa ń wọ bàálù tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ọkọ mi tún máa ń rìnrìn àjò iṣẹ́ lóṣooṣù, ọ́fíìsì wọn ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ti pọ́ọ́kú jù la máa ń rà, a wá ní àkáǹtì máìlì bíi mẹ́fà káàkiri, kò sí ọ̀kan tó tó nǹkan ṣe nínú wọn. Ọkọ mi ní kí gbogbo wa máa lo nọ́ńbà tòun kó lè tètè pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣáà mú èyí tó ń fúnni ní máìlì tó pọ̀ jù. Èwo ni ká mú, báwo la sì ṣe máa ṣe é?"

Ẹ ṣeun, ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ó ti lé lọ́dún 15 tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ kọ yìí gan-an ni mo sì máa ń bá lọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó ń rìn dáadáa, wọ́n á máa wọ bàálù ju gbogbo ará àdúgbò wọn lọ, síbẹ̀ kò tíì sí ọjọ́ kan tí wọ́n fi máìlì wọ ọ̀kan rí. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, máìlì ni àmì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń kó jọ fún ẹni tó ń wọ bàálù wọn, tó bá pọ̀ tó, èèyàn lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, kì í ṣe pé ẹ ò ní máìlì, máìlì wà, ó kàn fọ́n káàkiri ni. Omi tí ẹ bu sínú ife mẹ́fà, kò sí èyí tí ẹ lè fi wẹ ọmọ nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá da gbogbo ẹ̀ sínú báfù kan, ẹ ó rí omi wẹ̀. Torí náà ìbéèrè tí mo máa dáhùn kọ́ ni "èwo ló dáa jù láyé", torí kò sí irú ẹ̀. Èyí tí mo máa dáhùn ni, ibo ni máìlì ẹni márùn-ún ti lè di ọ̀kan, tí ẹ ó sì lè ná an pa pọ̀ kó tó jóná? Tí ẹ bá ti fi ìyẹn sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀, ó máa yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò tó wà níta kúrò fúnra ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti bàbá àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n ń rò yé mi dáadáa, àmọ́ kò ṣeé ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn. Ẹni tó jókòó sórí àga ló ni máìlì, kì í ṣe ẹni tó sanwó, kì í dẹ̀ ṣe olórí ilé. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nìyẹn látìgbà tí American Airlines ti bẹ̀rẹ̀ ètò máìlì wọn, AAdvantage, lọ́dún 1981, tí United náà sì gbé tiẹ̀ jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, torí ohun tí wọ́n ń wá ni kí wọ́n mọ èrò kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí wọ́n mọ ibi tó ń lọ àti iye tó ń ná, kó má bàa gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Tí ẹ bá fi nọ́ńbà ọkọ yín sórí tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ, kọ̀ǹpútà á wo orúkọ méjèèjì, á rí i pé wọn ò bára mu, á sì dá a nù, máìlì ìrìn yẹn ò ní wọlé sọ́dọ̀ bàbá, kò sì ní wọlé sọ́dọ̀ ọmọ. Mo ti rí ìdílé tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, wọ́n rò pé ó ń wọlé, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà tí wọ́n fi máa bi mí, èyí tó ṣì ṣeé gbà padà nínú ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí máa ń dá wàhálà sílẹ̀ kódà nígbà tí nọ́ńbà bá tọ̀nà. Orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì, òun náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kó má sí pé ẹ fi orúkọ tí ẹ ń pe ọmọ nílé ṣí àkáǹtì, tàbí pé ìyàwó ń lo orúkọ bàbá ẹ̀ níbì kan, ó ń lo ti ọkọ níbòmíì. Tí mo bá rí ẹni tó ní "máìlì mi kì í wọlé", ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn, ó dẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òun.

Ọ̀nà wà tí ohun tí ọkọ yín fẹ́ fi lè ṣẹ ṣá o. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní àkáǹtì ìdílé. Kálukú á ní nọ́ńbà tiẹ̀, ọmọ náà á ní tiẹ̀, ẹ ó wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ẹnì kan tó jẹ́ olórí, máìlì tó bá ń wọlé fún ẹnikẹ́ni á di ti gbogbo yín. Àbíkẹ́yìn yín ni kò ní rí nǹkan gbà báyìí, torí ọmọ tí ẹ gbé lẹ́sẹ̀ tí ò ní ìjókòó tiẹ̀ kì í sábà gba máìlì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ti pé ọdún 2 ló di dandan kí ẹ ra ìjókòó fún un, kódà tó bá jẹ́ àárín ìrìn àjò ló pé e, á nílò ìjókòó nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, àtìgbà yẹn ló sì ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì ẹ̀ ṣáájú ìrìn àjò yẹn, ẹ má dúró kí ẹ dé kí ẹ tó máa wá bí ẹ ṣe máa bẹ̀ wọ́n.

Ohun kejì tó dàrú pọ̀, mo sì rò pé òun ló ń fa èdèkòyédè láàárín yín méjèèjì, ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ètò yìí ń fúnni. Máìlì wà, ìyẹn èyí tí ẹ lè ná bí owó. Ipò wà, ìyẹn Silver, Gold àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n tètè dá yín lóhùn, kí wọ́n fún yín ní ẹrù sí i, kí ẹ wọ lounge, ìyẹn yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfurufú. Máìlì ṣeé pa pọ̀. Ipò kì í ṣeé pa pọ̀ nínú àkáǹtì ìdílé. Ẹ mú Flying Blue, ìyẹn ètò Air France àti KLM, wò: máìlì ìdílé ṣeé kó jọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n XP tí wọ́n fi ń ka ipò, 100 fún Silver, 180 fún Gold, 300 fún Platinum, ti ẹni tó fò nìkan ni. Bí ti British Airways náà ṣe rí nìyẹn, Avios, ìyẹn máìlì wọn, ń para pọ̀, tier points tí wọ́n fi ń ka ipò ò para pọ̀. Ọkọ yín tó ń fò lóṣooṣù lè dé Gold, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ tó ń fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún nínú economy, ìyẹn ìjókòó tó pọ́ọ́kú jù, ó ṣòro gan-an kí ẹ dé ibì kankan, mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa fi owó lé e.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé tí bàbá bá ti ní Gold, gbogbo ilé ti gbayì nìyẹn. Ẹni tó ní ipò Gold nínú Star Alliance, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jọ dá sílẹ̀, lè mú àlejò kan ṣoṣo wọ lounge. Nínú àwọn ẹgbẹ́ méjì tó kù, ẹnì kan náà ni ipò SkyTeam Elite Plus ń fàyè gbà, ẹnì kan náà ni ipò oneworld Sapphire. Ẹ̀yin márùn-ún ńkọ́? Bàbá máa wọlé pẹ̀lú ọmọ kan, ìyá á dúró síta pẹ̀lú méjì, àbí báwo? Ẹrù àlékún náà, ti ẹni tó ní káàdì ni, ó lè jẹ́ kílò 20 sí i tàbí báàgì kan sí i, ìyẹn ṣì wúlò torí ẹ lè kó ẹrù àwọn ọmọ sínú ẹ̀. Nítorí náà, ìrìn àjò iṣẹ́ ọkọ yín ló ń bímọ méjì fún yín, ó ń gbé ipò wá fún òun, ó ń kó máìlì wá fún ilé, máìlì yẹn ni tiyín nínú ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yín wá sọ pé kí ẹ mú èyí tó ń fúnni ní máìlì tó pọ̀ jù. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn o, ṣùgbọ́n ìyẹn dà bí ẹni tó ní òun máa gba owó orílẹ̀-èdè tí nọ́ńbà ẹ̀ pọ̀ jù láìbèèrè ohun tó lè rà. Máìlì 40,000 níbì kan lè gbé ẹnì kan lọ kó gbé e bọ̀, níbòmíì kó má tiẹ̀ tó àlọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gan-an lówó, ẹ yọ owó orí àti ẹ̀kúnwó tí ilé-iṣẹ́ fi lé e, tí ẹ ó ṣì san tí ẹ bá fi máìlì gbà á, ẹ wá pín èyí tó kù sí iye máìlì tí wọ́n ń béèrè. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 600 nínú owó yòówù tí ẹ ń ná, wọ́n ní kí ẹ mú máìlì 30,000 wá pẹ̀lú 150. Ohun tí máìlì yẹn rà fún yín ni 450, kì í ṣe 600. Ìdílé míì á ṣe ìṣirò yìí, wọ́n á rí i pé ibi tí wọ́n ti ń fún wọn ní máìlì jọjọ yẹn, ẹ̀kúnwó tí wọ́n ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì máìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún lẹ ó san án. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fi ẹ̀kúnwó ńlá lé ọ̀nà jíjìn, British Airways wà lára wọn, àwọn míì kì í fi nǹkan kan lé e ju owó orí ìjọba lọ.

Ohun míì tí ọ̀rẹ́ yín lè má mọ̀ ni pé ayé tí wọ́n ti ń ka máìlì gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ṣe jìn tó ti ń lọ. Delta àti United yí i padà lọ́dún 2015, American ní 2016, Flying Blue ní 2018, British Airways ní 2023, iye owó tí ẹ san ni wọ́n ń kà báyìí. Tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú tí ẹ ń rà yẹn, máìlì táṣẹ́rẹ́ ló máa bí, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe yín, bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lẹ wọ̀ tí ẹ ń gba máìlì ẹ̀ sínú ètò ilé-iṣẹ́ míì tí wọ́n jọ ń ṣe, lẹ́tà kékeré kan tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, Y tàbí K tàbí Q tàbí èyí tó bá jẹ́, ló sábà máa ń pinnu iye tó máa wọlé. Lẹ́tà kan lè fún yín ní gbogbo máìlì ọ̀nà yẹn, òmíràn ní ìdá mẹ́rin ẹ̀, òmíràn òdo pátápátá. Ẹ̀yin méjì lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara yín nínú bàálù kan náà, kí ọ̀kan gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tí èkejì gbà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo lẹ́tà yẹn, ẹ wá a lórí wẹ́ẹ̀bsáìtì ètò tí ẹ wọ̀, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ní ti ẹgbẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jọ ń wà nínú ẹ̀, mẹ́ta ló wà: Star Alliance tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, oneworld ní 1999, SkyTeam ní 2000. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ẹ lè wọ ọkọ̀ Ethiopian, kí ẹ gba máìlì ẹ̀ sínú Aeroplan ti Air Canada tàbí Miles & More ti Lufthansa, torí Star Alliance ni gbogbo wọn. Ẹ lè wọ Qatar Airways tàbí Royal Air Maroc, kó wọlé sínú ti British Airways, oneworld ni wọ́n. Kenya Airways, Delta, Air France, Virgin Atlantic, SkyTeam nìyẹn. Emirates ò sí nínú ọ̀kankan, òun náà ní àwọn tó ń bá ṣe ṣùgbọ́n kò wọ ẹgbẹ́. Ẹ má sì gbé ọkàn lé e pé ibi tí ilé-iṣẹ́ kan wà lónìí ló máa wà títí, SAS wà lára àwọn tó dá Star Alliance sílẹ̀ ní 1997, ó kúrò níbẹ̀ ní 2024, ó bọ́ sí SkyTeam lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ti ń kó máìlì ẹ̀ jọ kí wọ́n lè fi wọ ọkọ̀ Star Alliance ní láti tún èrò wọn pa.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Àkáǹtì ìdílé wọ́n yàtọ̀ síra wọn, ìyàtọ̀ yìí ló sì yẹ kó pinnu fún yín ju àwòrán ẹlẹ́wà tó wà lórí ìpolówó lọ. British Airways ń gba èèyàn 7 tí wọ́n jọ ń gbé àdírẹ́sì kan náà, tí ẹ bá sì fẹ́ ná Avios, wọ́n á bù ú lọ́dọ̀ kálukú ní ìwọ̀n ohun tó ní, nítorí náà máìlì ọmọ kékeré náà ń wúlò, kì í jókòó lásán. Wàhálà ẹ̀ ni pé tí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, àwọn tó wà nínú ilé àti àwọn tí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nìkan lẹ lè fi Avios yẹn ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, ẹ ò lè ṣàdédé ra ti ìyá ìyá yín láìkọ́kọ́ fi orúkọ wọn síbẹ̀. Flying Blue ń gba èèyàn 8. Emirates Skywards ń jẹ́ kí olórí ìdílé mú èèyàn 8 mọ́ra, kálukú ló ń yan ìdá mélòó nínú máìlì ẹ̀ tó máa lọ sínú àpò ìdílé, ó lè jẹ́ gbogbo ẹ̀. Miles & More ń gba àgbà 2 àti ọmọ 5. Aeroplan ń gba 8. JetBlue ń gba 7. United ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2024 ni, èèyàn 5 ni, ẹ̀yin gan-an bá a mu géérégé. KrisFlyer ti Singapore Airlines ò ní àpò ìdílé, èèyàn 5 lẹ lè yàn tí ẹ lè fi máìlì yín ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, èyí túmọ̀ sí pé máìlì bàbá lè gbé gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ ò lè kún tiẹ̀. Ètò tó dáa ni fún ẹni tó ń dá rìn. Fún irú ilé tiyín, mi ò ní mú un.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ò ní àpò ìdílé máa sọ fún yín pé ẹ lè fi máìlì ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Òótọ́ ni, àmọ́ owó ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà owó yẹn ń jẹ èrè máìlì náà tán. Mi ò tíì rí ibi tí mo ti gba ìdílé kan nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe é, àfi ẹni tí máìlì ẹgbẹ̀rún méjì péré kù kó fi gba tíkẹ́ẹ̀tì tó ti ń wá lọ́jọ́ tó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíjóná máìlì máa ń dùn mí, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Àwọn ọmọ mi ní àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, kálukú ní díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ pé kó pọ̀ díẹ̀ sí i ká tó ná an, àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ṣí ímeèlì tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti oṣù tó kọjá pé ó máa jóná, ó ti jóná. Mo pè wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò dá a padà. Máìlì ọmọdé ló máa ń jóná jù, torí kì í pọ̀ tó ohun tí wọ́n lè ná, kò sì sẹ́ni tó ń ṣí àkáǹtì wọn wò. Skywards ń jóná lẹ́yìn ọdún 3, ní ìparí oṣù ìbí ẹni tó ni ín. KrisFlyer ọdún 3 náà ni, bó ti wù kí ẹ máa fò tó. Avios ti British Airways, oṣù 36 tí ẹ ò bá fọwọ́ kan àkáǹtì rárá, tí ẹ bá ti gba ọ̀kan wọlé tàbí ná ọ̀kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aeroplan, oṣù 18 tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. Delta, United, JetBlue àti Virgin Atlantic, tiwọn kì í jóná. Fún ìdílé, mo fẹ́ràn èyí tí kì í jóná tàbí èyí tí ìfọwọ́kàn kékeré ń mú dúró ju èyí tó ń fúnni ní púpọ̀ tó sì ní ọjọ́ ikú.

Ká ní ẹ ti kó o jọ wàyí, ẹ fẹ́ ná an. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń sunkún, torí ẹnì kan rí ìjókòó máìlì lọ́jọ́ tó bá wù ú, ẹni márùn-ún ò rí i. Ilé-iṣẹ́ máa ń yọ ìjókòó díẹ̀ sílẹ̀ lórí bàálù kọ̀ọ̀kan, nígbà ìsinmi iléèwé sì rèé, ìgbà yẹn gan-an lẹ̀yin lè rìn, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n lè fowó tà á. British Airways ti ṣèlérí pé ìjókòó 8 ó kéré tán ní economy àti 4 ní business máa wà lórí bàálù ọ̀nà jíjìn kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 355 ṣáájú ni wọ́n sì ń ṣí i, ẹni tó bá ṣí fóònù ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lè kó ìjókòó ilé ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí iye máìlì wọn ń yí padà lójoojúmọ́, bíi Delta àti United, ìjókòó kì í sábà wọ́n níbẹ̀, ohun tó wọ́n ni iye tí wọ́n á pè é. Flying Blue náà wà nínú àwọn tó ń yí i, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ fún irú yín: wọ́n ń yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú máìlì tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ ọdún 2 sí 11. Ọmọ yín tó jẹ́ 8 ń jẹ ẹ́ lónìí, àbíkẹ́yìn máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láìpẹ́.

Ẹ má tì í mọ́ ara yín pé ẹni márùn-ún gbọ́dọ̀ fi máìlì lọ. Ẹ lè gba méjì pẹ̀lú máìlì, kí ẹ sanwó fún àwọn tó kù, lórí bàálù kan náà. Tíkẹ́ẹ̀tì máa di ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, torí náà ẹ rí i pé òbí kan wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ò ní gbà kí ọmọ tí ò tíì pé 12 dá wà lórí ìwé láìsí àgbà, ẹ sì pè wọ́n kí wọ́n so ìwé méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè fi yín jókòó síbì kan náà. Tí ọkọ̀ bá pẹ́ tàbí tí wọ́n fagi lé e, tí ẹ ò bá so ó pọ̀, wọ́n lè gbé àwọn méjì lọ ní àárọ̀ kí wọ́n gbé mẹ́ta lọ lálẹ́. Mo ti dúró ní kọ́ńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú mi. Àkọ́kọ́, kí ẹ fi máìlì sílẹ̀, kí ẹ máa ra èyí tó pọ́ọ́kú jù bí ẹ ti ń ṣe. Mi ò ní bú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, torí tí ìyàtọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì kan bá jẹ́ 80, lọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún ó ti di 320 tàbí 400, kò sí máìlì ìrìn àjò economy kan tó máa dá ìyẹn padà. Ìkejì, kí ẹ wọ ètò kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa lépa ẹ̀ lójú méjèèjì. Ìyẹn náà léwu, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó lé owó, ẹ ó máa yí ọ̀nà gbọọrọ torí máìlì, àwọn ọmọ á máa sùn sórí àga ní ibi ìdúró. Ìkẹta ni mo fara mọ́: ètò kan tó ní àpò ìdílé, nínú ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ iṣẹ́ ọkọ yín wà, kí ẹ máa wọ ọkọ̀ ẹgbẹ́ yẹn nígbà tí owó bá súnmọ́ra, tó bá jìnnà síra kí ẹ ra pọ́ọ́kú láìbojú wẹ̀yìn. Ìrìn àjò lóṣooṣù yẹn ló máa gbé ẹrù, ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yín lọ́dún á máa fi díẹ̀ kún un.

Ẹ ò sọ ilé-iṣẹ́ tí ọ́fíìsì wọn ń lò fún mi, nítorí náà mi ò lè la orúkọ kan ní pàtó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ SkyTeam, Flying Blue ni mo máa kọ́kọ́ wò fún yín, nítorí èèyàn 8 àti ẹ̀dínwó ọmọdé yẹn. Tó bá jẹ́ oneworld, àwọn tó ń lo Avios, ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ẹ̀kúnwó, ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ míì wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ẹ lè fi Avios wọ̀ tí tiẹ̀ ò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ Star Alliance, Aeroplan tàbí Miles & More, ó kù sí ọwọ́ ibi tí ẹ ń lọ jù. Tó bá jẹ́ Emirates ni wọ́n ń fi gbogbo ìgbà wọ̀, kí ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíì, Skywards ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa ná an kó tó pé ọdún 3. Ohun míì tí mi ò lè pinnu láti ibi tí mo wà ni káàdì báǹkì. Ní orílẹ̀-èdè míì, ìdajì máìlì tí ìdílé ń rí, káàdì tí wọ́n fi ń nájà ló ń bí i, ní òmíràn kò sí irú káàdì bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ bi báǹkì yín ètò tí wọ́n ń bá ṣe, ìdáhùn wọn lè yí ìmọ̀ràn mi yìí padà pátápátá, mi ò ní bínú.

Àwọn àkáǹtì mẹ́fà yẹn ńkọ́? Ẹ má pa wọ́n rẹ́. Ẹ jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tó máa jóná sílẹ̀. Tí méjì nínú wọn bá jẹ́ ti àwọn tó ń lo Avios, British Airways, Iberia, Aer Lingus, Qatar Airways tàbí Finnair, ẹ lè gbé e láti ọ̀kan sí ìkejì láìsanwó, ó ti dín kan kù nìyẹn. Ìrìn àjò tí ẹ ṣe láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn tí máìlì ẹ̀ ò wọlé, ọ̀pọ̀ ètò ṣì ń gbà kí ẹ béèrè fún un, àwọn kan oṣù 6, àwọn kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àti boarding pass ni wọ́n máa bi yín, torí náà ẹ má máa jù ú nù lẹ́yìn tí ẹ bá délé. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ fi ímeèlì tí ẹ̀yin ń ṣí ṣe ti àwọn ọmọ, kí ìkìlọ̀ jíjóná má bàa lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bi ọ́fíìsì wọn bóyá wọ́n fàyè gbà á kí òṣìṣẹ́ gba máìlì ìrìn àjò iṣẹ́ fún ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbà, àwọn kan ò gbà, orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo sọ yìí dúró lé. Tí wọ́n bá gbà, ẹ wo orúkọ ọkọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí wọ́n fi rìn kẹ́yìn àti lẹ́tà tó wà níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ká wá jọ mú ọ̀kan.